Amí: Ta Ló Rán An, Ta Ló Ń Ṣọ́, Kí Ló Fẹ́ Fi Ìròyìn Ṣe?

Ère Móremí tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 42. Ọọ̀ni Adéyẹyè Ẹnitàn Ògúnwùsì ló gbé e kalẹ̀ ní ọdún 2016. Bí a bá yọ ọ̀ṣọ́ kúrò lára ìtàn obìnrin náà, iṣẹ́ tó ṣe kò ní orúkọ méjì: amí ni. Ó wọ àárín ọ̀tá, ó fi ohun tó ń bẹ nínú rẹ̀ pamọ́, ó kó àṣírí wọn jọ, ó sì gbé e padà wá fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá pe aládùúgbò rẹ̀ ní amí lónìí ti dá ìjà sílẹ̀ nìyẹn.

Iṣẹ́ kan náà ló ń mú ère wá fún ẹnìkan, òun náà ló ń fi okùn sí ọrùn ẹlòmíràn. Ohun tó fà á ni pé ọ̀rọ̀ yẹn kò dá ẹnikẹ́ni láre, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ìṣe ló ń sọ: kí ènìyàn yọ́ lọ wo ohun tí ẹlòmíràn kò fẹ́ kó rí, kó sì lọ ròyìn rẹ̀ fún ẹni tó rán an. Ìbéèrè mẹ́ta ló ni ìdájọ́. Ta ló rán an? Ta ló ń ṣọ́? Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìròyìn náà ṣe? Bí a bá ń bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta yìí ká tó la ẹnu, a kò ní máa fi orúkọ akọni pe ọ̀dàlẹ̀, a kò sì ní máa fi orúkọ ọ̀dàlẹ̀ pe ẹni tó ń gba ìlú là.

Obìnrin tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún ọ̀tá

Bí àwọn Ifẹ̀ ṣe ń sọ ìtàn náà nìyí. Àwọn Ugbò a máa ya wọ ìlú, wọn a kó ẹrù, wọn a kó ènìyàn. Ìko ni wọ́n fi ń bora láti orí dé ẹsẹ̀, àwọn ará Ifẹ̀ sì gbà pé ará ọ̀run ni wọ́n. Ta ni yóò gbé idà kojú ará ọ̀run? Móremí lọ sí odò Ẹsìnmìnrìn, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ níbẹ̀, ó sì jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú nígbà tí àwọn yòókù ń sá. Ẹwà rẹ̀ gbé e dé ààfin ọba wọn. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló wà lábẹ́ ìko. Ó sá padà wálé, ó ní kí wọ́n tan ògùṣọ̀. Nígbà tí àwọn Ugbò tún dé, iná ràn mọ́ ìko, ẹ̀rù tó ti ń ba Ifẹ̀ látọjọ́ pípẹ́ sì parí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ ló gba Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún Ẹdì tí wọ́n ń ṣe ní Ifẹ̀ lọ́dọọdún ló ń rán ìlú létí ọ̀rọ̀ yìí.

Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ amí ló pé sínú ìtàn yìí. Ifẹ̀ kò ṣaláìní ọkùnrin tó lè jà. Òye ẹni tí wọ́n ń bá jà ni wọn kò ní. Obìnrin kan ló lọ fi ara rẹ̀ ra òye yẹn, ohun tó sì san lé e lórí kọjá ohun tí abiyamọ lè fẹnu sọ.

Àmọ́ àwọn Ugbò tó wà ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí ní ìtàn tiwọn. Wọ́n ní àwọn ni onílẹ̀ ní Ifẹ̀ kí àwọn mìíràn tó dé, ilẹ̀ baba àwọn ni àwọn sì ń jà lé lórí. Lójú ẹni tó gba ìtàn yìí gbọ́, obìnrin tí ọba fi ṣe aya, tó jẹ, tó mu, tó tún gbé àṣírí ilé lọ fún ọ̀tá, kì í ṣe ẹni à ń kọrin fún. A kò lè dá wọn lẹ́bi bí wọ́n bá bínú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ìbéèrè wa. Nítorí Ifẹ̀ ni Móremí ṣe lọ. Àwọn tó ń kó Ifẹ̀ lẹ́rú ló lọ ṣọ́. Ìdáǹdè ìlú ló fi ìròyìn náà ṣe. Ọ̀tá Ugbò ni; kò sẹ́ni tó lè pè é ní ọ̀dàlẹ̀ Ifẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín amí ọ̀tá àti ọ̀dàlẹ̀ ilé nìyẹn, a ó sì padà sí i.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà ogun òmìnira wọn. Ní ọdún 1781, ẹrú kan tó ń jẹ́ James Armistead wà ní Virginia. Ó lọ ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Cornwallis. Àwọn ọ̀gá ogun ń sọ̀rọ̀ ogun lójú rẹ̀ láìbìkítà, nítorí wọn kò ka ẹrú sí ẹni tó lè gbọ́ nǹkan kó sì fi ṣe ohunkóhun. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀ rò pé àwọn ló ń ṣe amí fún. Gbogbo ohun tó gbọ́ ló ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀gágun Lafayette tó wà ní apá Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, nígbà tí ogun parí, ẹrú ṣì ni. Ọdún 1787 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Virginia tó sọ ọ́ di ẹni òmìnira, ó sì fi orúkọ Lafayette kún tirẹ̀. Ó jà fún òmìnira àwọn tó fi òun sínú ìdè, òun ló sì gbà á kẹ́yìn.

Ohun tí òfin ogun pè ní amí

Àwọn orílẹ̀-èdè ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí rí. Ìlànà ogun tí wọ́n fọwọ́ sí ní The Hague ní ọdún 1907 sọ ẹni tó jẹ́ amí ní pàtó. Ọmọ ogun tó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, tó yọ́ wọ ibi tí ọ̀tá wà láti lọ wo bí wọ́n ṣe tò, kì í ṣe amí. Bí wọ́n bá mú un, ẹlẹ́wọ̀n ogun ni. Ẹni tó ń fi ara pamọ́, tàbí tó ń fi irọ́ pe ara rẹ̀ ní ohun tí kò jẹ́, kó lè kó ìròyìn jọ ní ojú ogun kó sì fi ránṣẹ́ sí apá kejì, òun ni amí.

Òfin náà ní wọn kò gbọdọ̀ fìyà jẹ amí láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ nílé ẹjọ́. Ó tún ní bí amí bá ti padà dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ogun rẹ̀, tí ọ̀tá sì wá mú un lẹ́yìn náà, wọn kò lè gbé ẹ̀sùn iṣẹ́ amí àtijọ́ kà á lọ́rùn mọ́. Èyí jẹ́ ká mọ̀ pé ayé kò tíì fi ẹnu kò láti pe iṣẹ́ náà ní ẹ̀ṣẹ̀ bíi olè jíjà tàbí ìpànìyàn. Gbogbo ìjọba ló ń rán amí, gbogbo wọn ló sì ń fìyà jẹ amí tí ẹlòmíràn bá rán sí wọn. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ náà ti gba ewu rẹ̀ mọ́ ọn.

Ìtàn Eli Cohen ló fi èyí hàn jù. Orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì ló rán an lọ sí Dàmásíkù, olú-ìlú Síríà. Ó pe ara rẹ̀ ní Kamel Amin Thaabet, ó ṣe bí oníṣòwò ọlọ́rọ̀, ó ń ṣe àríyá, ó sì ń bá àwọn ọ̀gá ìjọba àti ọ̀gá ogun jẹun. Ẹ̀rọ rédíò tó fi ń ránṣẹ́ sílé ló tú u fó. Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 1965, wọ́n yẹgi fún un ní gbangba ìlú Dàmásíkù. Orúkọ ọkùnrin kan náà wà lára àwọn òpópónà ní Ísírẹ́lì lónìí. Síríà kò ṣèké, Ísírẹ́lì náà kò ṣèké. Ibi tí oníkálukú dúró sí ló ń sọ.

Rírí kò tó, ìtumọ̀ ló kù

Àwọn tó ń ka Bíbélì mọ ìtàn àwọn ọkùnrin méjìlá tí Mósè rán lọ wo ilẹ̀ Kénáánì. Ogójì ọjọ́ ni wọ́n fi rìn ín. Ilẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn rí, èso kan náà ni wọ́n rù bọ̀. Àwọn mẹ́wàá ní àwọn ará ibẹ̀ ga ju ẹni tí a lè bá jà lọ. Jóṣúà àti Kálẹ́bù ní a lè gbà á. Ìlú tẹ̀lé mẹ́wàá, ogójì ọdún sì ni wọ́n fi jìyà rẹ̀ nínú aginjù. Kò sí èyí tó parọ́ nínú àwọn méjìlá nípa odi ìlú tàbí nípa gíga àwọn ènìyàn. Ohun tí ọkàn wọn mú kúrò nílé ló fún ohun tí ojú wọn rí ní ìtumọ̀.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, amí a rí òótọ́, a sọ òótọ́, ẹni tó rán an yóò kọ̀ láti gbọ́. Richard Sorge jẹ́ ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ oníròyìn ní Tokyo, àmọ́ àwọn Sófíẹ́tì ló ń ṣe amí fún. Ó di ọ̀rẹ́ àwọn ọ̀gá ilé aṣojú Jámánì ní Jàpáánì débi pé wọn kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún un. Ní ọdún 1941, ó kìlọ̀ fún Moscow pé Jámánì ti fẹ́ ya lù wọ́n. Stalin kò kà á sí. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún náà, Jámánì ya lù wọ́n lóòótọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló sì bá ogun náà lọ. Àwọn ará Jàpáánì mú Sorge lóṣù Kẹwàá, wọ́n sì yẹgi fún un ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 1944. Ọdún 1964 ni ìjọba Sófíẹ́tì tó rántí fún un ní oyè akọni.

Olórí tí kò lè fara da ìròyìn tó korò, owó lásán ló ń ná lórí amí. Ẹ̀kọ́ yìí kan ààfin, ó kan ilé ìjọba, ó kan ọ̀gá iléeṣẹ́ pẹ̀lú.

Àwọn orúkọ tí a máa ń dà pọ̀

Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe gbogbo ẹni tó ń gbé ìròyìn. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí ọ̀ràn ní bòókẹ́lẹ́. Olófòófó ni ẹni tí kò sẹ́ni tó rán an. Ó gbọ́ ní yàrá, ó lọ tú u ní pálọ̀, ìjà ló sì ń bí. Àwọn àgbà ti rí tirẹ̀ tán, wọ́n ní olófòófó kì í gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ. Ẹni tó tani lólobó rí ewu tó ń bọ̀, ó sì sáré wá kìlọ̀. Ọ̀dàlẹ̀ ni ẹni tó jẹ nínú àwo kan pẹ̀lú rẹ, tó wá tà ọ́ fún ẹni tó fẹ́ pa ọ́.

Iṣẹ́ ẹni tó ń tani lólobó hàn nínú ìtàn Ọ̀yọ́. Nígbà tí ààfin Ọ̀yọ́ wà ní Ìgbòho, Aláàfin Abípa pinnu láti kó ìlú padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn ìjòyè kan kò fẹ́ lọ. Wọ́n kó àwọn ènìyàn tí ìrísí wọn yàtọ̀, abuké àti àfín àti aràrá wà lára wọn, wọ́n fi wọ́n pamọ́ sí àyíká ìlú àtijọ́ náà kí wọ́n máa ké lóru bí iwin, kí ọba lè gbà pé ilẹ̀ náà kò gba ènìyàn mọ́. Àṣírí tú sọ́dọ̀ ọba. Ó rán ọdẹ, àwọn ọdẹ sì kó gbogbo “iwin” náà wá sílé. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tó mú ọ̀rọ̀, ìyẹn iwin. Bí kò bá sí ẹni tó ta á lólobó, ẹ̀tàn ni ìbá ṣèjọba lé e lórí.

Ní ti ọ̀dàlẹ̀, Aldrich Ames tó. Òṣìṣẹ́ CIA, àjọ amí Amẹ́ríkà, ni, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an sì ni kó máa ṣọ́ àwọn Sófíẹ́tì. Ní ọdún 1985, gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó lọ ta orúkọ àwọn ará Sófíẹ́tì tó ń bá Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ fún KGB, àjọ amí àwọn Sófíẹ́tì. Ó kéré tán, mẹ́wàá nínú wọn ni wọ́n pa. Ó ra ilé, ó ra ọkọ̀ olówó ńlá, ọdún mẹ́sàn-án sì kọjá kí wọ́n tó mú un ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 1994. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún un. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dàlẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ẹni tó sọ fún ajínigbé pé àgbẹ̀ kan ta kòkó lánàá, pé ọ̀nà oko báyìí ni yóò gbà lọ́la, kò dára ju Ames lọ. Ibi tí ìdààmú wà ni pé ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, ẹni tó lọ fi ajínigbé sun ọlọ́pàá tàbí àwọn aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn ni wọ́n ń pè ní amí, tí wọ́n ń yẹra fún, nígbà tí ẹni tó ta aládùúgbò rẹ̀ ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí. A ti gbé orúkọ fún ẹni tí kò tọ́ sí.

Nígbà tí ìjọba bá kọjú sí ọmọ ìlú

Lẹ́yìn tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976, ìjọba ológun dá àjọ aláàbò abẹ́lẹ̀ tí wọ́n pè ní NSO sílẹ̀ lọ́dún náà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ní 1986, Ọ̀gágun Ibrahim Babangida tú u ká, ó sì pín iṣẹ́ rẹ̀ sí mẹ́ta: SSS tí a mọ̀ sí DSS lónìí fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé, NIA fún ilẹ̀ òkèèrè, DIA fún ọ̀rọ̀ ogun.

Láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn ni ọ̀ràn Umaru Dikko ṣẹlẹ̀. Mínísítà ètò ìrìnnà ni lábẹ́ Ààrẹ Shehu Shagari. Ó sá lọ sí London nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983, ìjọba tuntun sì fẹ̀sùn ìkówójẹ kàn án. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1984, wọ́n gbá a mú níwájú ilé rẹ̀ ní Bayswater, wọ́n fún un lóògùn oorun, wọ́n tì í sínú àpótí pákó, wọ́n sì gbé e lọ sí pápákọ̀ òfurufú Stansted, níbi tí ọkọ̀ òfurufú Nigeria Airways ti ń dúró. Akọ̀wé rẹ̀ rí i láti ojú fèrèsé, ó sì pe ọlọ́pàá. Ìwé tó yẹ kó sọ àpótí náà di ẹrù ìjọba tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí kò pé, wọ́n ṣí i, wọ́n bá Dikko nínú rẹ̀ láìmọ ibi tó wà. Ará Ísírẹ́lì mẹ́ta àti ọmọ Nàìjíríà kan lọ sẹ́wọ̀n lórí rẹ̀. Ìjọba Nàìjíríà ní òun kò mọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àárín Nàìjíríà àti Gẹ̀ẹ́sì dàrú fún ìgbà pípẹ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà nígbà náà pé ó yẹ kí Dikko wá jẹ́jọ́ nílé. Àmọ́ ẹ̀sùn tó wúwo kò sọ ìjínigbé di ìdájọ́. Àṣírí tí òfin kò lè wò lójú a máa sọ ìjọba di ohun tó ní òun ń bá jà.

Láyé òde òní, kò dìgbà tí wọ́n bá gbé àpótí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, Edward Snowden, tó ti bá àjọ NSA ti Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, fi ìwé àṣírí hàn fún àwọn akọ̀ròyìn. Ìwé náà fi hàn pé àjọ náà ń kó àkọsílẹ̀ ìpè fóònù àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn tí kò sí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn wọn. Ní ọdún 2015, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin tó fòpin sí kíkó tí wọ́n ń kó o jọ lápapọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ayé gbọ́ nípa Pegasus tí iléeṣẹ́ NSO Group ti Ísírẹ́lì ṣe, èyí tó lè wọ fóònù láìjẹ́ pé olóhun tẹ ohunkóhun.

Ní Nàìjíríà, Abala 37 nínú Ìwé Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 dáàbò bo ilé ọmọ ìlú, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 tún fi kún un. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń wá oníbọ́ǹbù ń ṣe iṣẹ́ ìlú, ó sì yẹ ká bá a ṣe é. Èyí tó ń tẹ́tí sí fóònù akọ̀ròyìn nítorí pé ó bẹnu àtẹ́ lu gómìnà ti ṣìnà. Ìbéèrè kejì àti ìkẹta ló mú un.

Amí inú yàrá

Èyí tó pọ̀ jù láàárín wa kò wọ aṣọ ìjọba. Ọkọ so WhatsApp ìyàwó mọ́ kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀. Ìyàwó san owó fún ẹni tó ní òun lè fi ohun kan sínú fóònù ọkọ. Ọ̀gá fi kámẹ́rà pamọ́ sí ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń pààrọ̀ aṣọ. Gbogbo wọn ní àwọn fẹ́ mọ òótọ́ ni. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 ka yíyọ́ gba ọ̀rọ̀ tí wọn kò fi ránṣẹ́ sí ọ sí ẹ̀ṣẹ̀, ìgbéyàwó kò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí mọ̀ pé Kùránì, nínú Súrà Al-Hujurat, ẹsẹ 12, kọ̀ fún onígbàgbọ́ láti máa tọpinpin ara wọn.

Ta ló rán ọkọ náà? Owú. Ta ló ń ṣọ́? Ẹni tó bá a jẹ́ ẹ̀jẹ́. Kí ló fẹ́ fi ìròyìn ṣe? Ìjà. Ó kùnà ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ìfura bá wà, ẹ jókòó, ẹ bi ara yín, ẹ pe àgbà sí i. Bí ìgbéyàwó bá ti dé ibi tí ẹnìkan gbọ́dọ̀ di amí nínú rẹ̀, fóònù kọ́ ni yóò tún un ṣe.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, nítorí náà ẹ ṣọ́ tiyín. Ẹ ṣí WhatsApp yín, ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ “Linked devices” sí, kí ẹ yọ ẹ̀rọ tí ẹ kò bá mọ̀ kúrò. Ẹ má ṣe sọ nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó pe ara rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé fóònù tí ẹ kò tì sílẹ̀ fún ẹni tí ẹ kò mọ̀ dáadáa.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin òǹkàwé ni pé kí ẹ dẹ́kun fífi orúkọ amí dẹ́rù ba ẹni tó ń sọ òótọ́ fún ìlú. Bí ẹ bá rí àjèjì tó ń wọ igbó lóru pẹ̀lú ìbọn, ẹ ta àwọn aláàbò lólobó. Ìlú ni ẹ ṣe é fún. Bí ìjọba bá ń ṣọ́ yín nítorí èrò yín, ẹ gbé e lọ sílé ẹjọ́, Abala 37 wà fún yín. Ẹ sì yọ ọwọ́ kúrò nínú fóònù ẹni tí ẹ jọ ń sùn.